Ta Ló Jí Ẹni Mímọ́ Vincent Gbé?

Ẹni Mímọ́ Vincent tiwa kò lẹ́wà, kí n tètè sọ ìyẹn. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Kò ga ju ọmọ ọdún méjì lọ, imú rẹ̀ ti kán láti ayé ogun, kòkòrò sì ti jẹ etí òsì rẹ̀ tán. Ẹni tó gbẹ́ ẹ fún un ní ojú bíi ti ẹni tí jẹ̀díjẹ̀dí ń dà láàmú. Síbẹ̀ òun ni alábòójútó gbogbo àwọn alájàrà, àwọn tó ń gbin àjàrà fún wáìnì, kò sì sí ẹni tó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní abúlé wa, Vergenoux, ní ẹkùn Bourgogne nílẹ̀ Faransé, àfi tó bá ti mu ife kẹta.

Kì í gbé inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé àwọn alájàrà ló ń gbé, ọdún kan nílé eléyìí, ọdún kan nílé tọ̀hún, bí ìyá arúgbó tí àwọn ọmọ ń gbé láàrin ara wọn. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Ṣẹẹrẹ, a ó fi fèrè àti orin gbé e jáde nílé ẹni tó ti gbà á lálejò, a ó gbé e yí abúlé ká, a ó sì gbé e wọ ilé ẹni tó kàn. Lẹ́yìn náà la ó jẹun títí bẹ́líìtì á fi máa bẹ̀ wá.

Èmi ni Sidonie Perrachon. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń pín lẹ́tà ní Vergenoux. Mo mọ ẹni tí dókítà ń kọ̀wé sí, mo sì mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ kì í kọ̀wé sí. N kì í tú lẹ́tà ẹnikẹ́ni wò. Mo kàn máa ń gbé e sókè síbi tí oòrùn wà ni.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ilé Fulbert Chassagnol ni ẹni mímọ́ wà. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni Fulbert, àpọ́n ni, kò gba Ọlọ́run gbọ́, ó sì máa ń sọ ọ́ fún Ọlọ́run fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí yìnyín bá bọ́ lu àjàrà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò fẹ́ kí wọ́n gbé ère náà fún un, ṣùgbọ́n òun ló kàn, ètò sì ni ètò. Ẹni tó kàn lẹ́yìn rẹ̀ ni Anselme Bidault, tí ọgbà àjàrà rẹ̀ bá ti Fulbert pààlà. Ó ti di ọdún méjìlélógún tí àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn yodì, nítorí igi eléso písì kan tó wà lójú ààlà wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Anselme gé igi náà lulẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, Fulbert sì ju garawa lù ú. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kan bá ti rí èkejì lọ́nà, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wòye òjò.

Ó ku ọjọ́ méjìlá kí ọdún Ẹni Mímọ́ Vincent pé, ni Fulbert bá wọ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì Huguette láàárọ̀, ó ní wọ́n ti jí ère gbé. Ó ní òun jí, òun bá fèrèsé pálọ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀, orí àpótí tí ẹni mímọ́ máa ń dúró lé sì ṣófo. Ó ní kí wọ́n lọ bi Anselme.

Kí ó tó di ọ̀sán, abúlé ti gbóná. Ọlọ́pàá kan wá láti ìlú. Ó wọn fèrèsé, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó tọ́ wáìnì Fulbert wò lẹ́ẹ̀mẹta láti mọ̀ bóyá olè ti bomi là á, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa padà lọ sílé. A kò rí i mọ́. Ní ti Anselme, nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, inú oko ló wà, ó ń rẹ́ ẹ̀ka àjàrà, kò tilẹ̀ yí ojú padà. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ jí i ṣe? Ọjọ́ méjìlá sí i, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi fèrè gbé e wá bá mi nílé."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ó sì dun gbogbo wa, nítorí Anselme ni ì bá rọrùn jù láti dẹ́bi fún.

Èmi wá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tèmi. Kò sí ẹni tó rán mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ ilé igba èèyàn lójúmọ́, bí kò bá wádìí, ta ni yóò wádìí? Ẹni tí ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni Fádà Théodule, àlùfáà wa. Kò fẹ́ràn ère náà rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sọ nínú ìwàásù pé ó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọdé, àti pé ère tuntun kan wà lọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù, tó funfun, tó sì dán. Ní ọjọ́ kejì tí ère wa sọnù, mo kọjá lẹ́yìn ilé rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà, mo sì rí i tó ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo nǹkan gbọọrọ kan nínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹja tán.

N kò sùn dáadáa. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, tí Máàsì parí, tí gbogbo èèyàn dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń kí ara wọn, mo bọ́ síwájú mo sì bẹ Fádà pé kó jọ̀ọ́, kó bá wa ṣí búùtù ọkọ̀ rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó ní kí ni ìtumọ̀ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹni tí kò jí nǹkan gbé kì í bẹ̀rù búùtù. Ẹnì kan ti na ọwọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti ṣí i.

Àpótí wáìnì méjì ni, tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Bordeaux ni wọ́n kọ sára wọn, gàdàgbà-gadagba.

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Ní Bourgogne níbí, bí àlùfáà bá ní ọ̀rẹ́bìnrin, a ó bá a fi aṣọ bò ó. Bí ó bá tilẹ̀ yí ẹ̀sìn padà, a ó ṣì máa kí i lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa jẹun láàrin àwọn alájàrà Bourgogne, kó máa bùkún àgbá wa lọ́dọọdún, kó sì máa mu wáìnì àwọn ará Bordeaux, orogún wa, lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kò ní orúkọ. Àwọn ìyá àgbà méjì fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú.

Fádà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi ránṣẹ́ sí mi."

Ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ohun tí Ádámù náà sọ nìyẹn."

Fún ọjọ́ méjì gbáko, kò sí ẹni tó rántí ẹni mímọ́ mọ́. Bordeaux ni wọ́n ń sọ lójúde, Bordeaux ni wọ́n ń sọ nínú àjàalẹ̀ tí wọ́n ń pọn wáìnì sí. Fádà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka méjì péré gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí. Mo ti tú aṣọ lára ẹni ẹlẹ́ni lọ́jà, n kò sì rí nǹkan tí mò ń wá. Mo mọ̀ pé bí n kò bá rí ère yẹn, n kò ní lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ́, n kò sì lè máa wakọ̀ lọ gba Máàsì ní abúlé kejì níbi tí wọn kò mọ orin kọ.

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ló wá là mí lójú, kì í ṣe ọgbọ́n mi. Mo dúró ní ṣọ́ọ̀bù Huguette láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ń ṣàròyé pé àwọn èèyàn kò jẹun mọ́, pé gbogbo wọn ló ń ṣọ́ ikùn. Ó ní Fulbert nìkan ló kù tó ń jẹun bí èèyàn. Ó ní láti ọjọ́ tó ti ń dé ṣọ́ọ̀bù òun, búrẹ́dì kékeré ló máa ń rà, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún kan, ńlá ló ń rà. Ó tún wá fi àkàrà òyìnbó olóyin kún un báyìí, ẹyọ méjì lójoojúmọ́.

Mo ní, "Ẹyọ méjì? Òun nìkan?"

Huguette gbé ìgbọ̀nwọ́ lé káńtà. A wo ara wa. Ohun kan náà ló wá sí wa lọ́kàn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni mímọ́ rárá. Obìnrin ni. Bàbá Fulbert ti rí obìnrin. A ka gbogbo opó tó wà ní Vergenoux láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Huguette ní opó tó ń sin ewúrẹ́ lẹ́bàá odò ni, mo ní rárá, ìyẹn kò ní eyín tó lè jẹ àkàrà olóyin. Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀, mo ti gbàgbé olè pátápátá. Kí n mọ obìnrin náà ni mo ń wá.

Huguette ti sọ pé Fulbert kì í jẹ oúnjẹ ọ̀sán nílé, pé inú ahéré tó wà láàrin ọgbà àjàrà rẹ̀ ló máa ń gbé e lọ, torí ìgbà rírẹ́ ẹ̀ka ni. Lọ́jọ́ kejì, Ọlọ́run bá mi ṣe é, lẹ́tà kan dé fún un tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Mo lè fi ìwé pélébé sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé kó wá gbà á ní pósófíìsì. N kò fi sí i. Mo gbé ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀ òkè, mo fi ẹsẹ̀ gùn ún láàrin àwọn ìlà àjàrà, ẹrẹ̀ mú bàtà mi títí dé ọrùn ẹsẹ̀.

Èéfín ń jáde lórí ahéré náà. Mo gbọ́ ohùn Fulbert láti ìta. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, irú ohùn tí n kò mọ̀ pé ó ní.

"Ìlà mẹ́ta ni mo ti rẹ́ láti àárọ̀," ó ń wí. "Orúnkún ọ̀tún yìí ló ń dá mi dúró. Má wò mí bẹ́ẹ̀ o. O ò mọ ilé Anselme. Ológbò mẹ́fà ló wà níbẹ̀, wọ́n á máa họ ẹ́ lẹ́sẹ̀ bí igi lásán." Mo gbọ́ ìró ọ̀bẹ lára búrẹ́dì. "Mo mọ̀ pé igi ni ẹ́. Ṣé mo ní o kì í ṣe igi ni?"

Mo ti ilẹ̀kùn ṣí.

Ẹni Mímọ́ Vincent jókòó, tàbí ká ní wọ́n gbé e jókòó, lórí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, nídìí tábìlì kékeré. Ó dé fìlà onírun Fulbert, ó wé síkáàfù mọ́ ọrùn. Búrẹ́dì kan wà níwájú rẹ̀, àti wàràkàsì, àti àkàrà olóyin, àti wáìnì nínú ife kékeré. Fulbert jókòó sí òdìkejì pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ là, kò sì pa á dé.

Gbogbo ohun tí mo rò pé màá sọ tí mo bá rí olè náà, ó pa rẹ́ lórí mi. Mo ní, "Bàbá Fulbert, lẹ́tà wà fún yín. Ẹ fọwọ́ sí i níbí."

Ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ta lo fẹ́ lọ sọ fún?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná. Òkè yín yìí ga."

Ó bu wáìnì fún mi, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ère náà wá, òun kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Nínú oṣù kejì, ibà òtútù dá òun dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, kò sì sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn òun. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gún mi, nítorí èmi gan-an kọjá níwájú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn. Mo ju lẹ́tà sínú àpótí ẹnu géètì, mo sì lọ, èmi tí mo ní mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ abúlé. Ó ní nígbà tó di ọjọ́ kẹta àìsàn, òun dìde, òun yí ojú ẹni mímọ́ padà sọ́dọ̀ òun, kí òun lè rí ẹni bú. Òun bú u títí ó fi rẹ òun. Lọ́jọ́ kejì, òun tún bú u. Nígbà tó yá, èébú tán, ó wá ku ọ̀rọ̀.

"Mo sọ fún un pé n ò gbà á gbọ́," ni Fulbert wí. "Kò bá mi jiyàn. Fádà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò bẹ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ère náà lo ọdún kan sí i.

"Kí n bẹ ta? Anselme?"

Mo sọ fún un pé nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe dójú ti àlùfáà níwájú gbogbo ìjọ. Ó rẹ́rìn-ín nígbà náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní ìyẹn nìkan ló dùn mọ́ òun nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Mo jẹ́ kó wúkọ́ tán. Mo wá sọ fún un pé n kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún, àti pé ìyẹn máa fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, nítorí ọ̀rọ̀ kì í gbé inú mi pẹ́. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá gbé e padà, èmi máa sọ ọ́. Mo ní, "Kò sófin kankan tó ní kẹ́ni má lọ kí ẹni mímọ́ níbi tó bá ń gbé."

Ó ń gún àkàrà olóyin tirẹ̀ lọ́bẹ.

Láti ibẹ̀, mo lọ tààrà sọ́dọ̀ Léontine, ìyàwó Anselme. N kò dárúkọ olè. Mo kàn bi í pé bí Fulbert bá fẹ́ máa wá kí ère lọ́jọ́ Àìkú, kí ni yóò ṣẹlẹ̀. Léontine kì í ṣe ọmọdé. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ mi, ó sì ti mọ̀. Ó ní, "Jẹ́ kó máa bọ̀. Ogójì ọdún ni èmi nìkan ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Anselme. Kí ẹlòmíì wá bá mi gbọ́ díẹ̀."

Òjò dídì ti bo gbogbo òrùlé nígbà tí ọjọ́ ọdún mọ́. A péjọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn afunfèrè ń fẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n sì gbé pákó tí a fi ń gbé ère kalẹ̀ lófìfo. Fádà ti lọ yá ère bíṣọ́ọ̀bù wá. Ère náà pupa lẹ́rẹ̀kẹ́ bíi bèbí, kò sì sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí ẹni tó máa gbé e, a gbọ́ ìró táyà bárò lórí òkúta.

Fulbert ló ń bọ̀. Ẹni mímọ́ wà nínú bárò pẹ̀lú fìlà onírun lórí. Ó tì í wá sí àárín wa, ó sì dúró.

"Èmi ni mo gbé e," ó ní. "Kò sólè kankan. Ọ̀rọ̀ wa ò tíì tán ni."

Mo wo Fádà, Fádà wo mí. Anselme ló kọ́kọ́ bọ́ síta láàrin èrò.

Ó ní, "Ọdún méjìlélógún lo fi ń bá mi yodì, o wá lọ ń bá igi sọ̀rọ̀."

"Ó kéré tán, òun ò gé igi písì ẹnikẹ́ni."

"Igi yẹn ti jẹrà nínú," ni Anselme wí. "Lọ́sọ̀ọ̀sán lò ń sùn lábẹ́ ẹ̀, tí ò ń hanrun. Ṣé kí n máa wò ó kó wó lù ẹ́ ni?"

Fulbert wo bàtà rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Garawa ti bà mí lẹ́nu kí n tó là á."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, Léontine fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà. Anselme tẹ̀ ba, ó di ẹsẹ̀ ère mú. Ó ní kí Fulbert gbé orí rẹ̀. Fulbert ṣí fìlà náà kúrò, ó fi sínú àpò, ó sì gbé orí. Àwọn méjèèjì ló gbé e sórí pákó, tí ọ̀kan ń pariwo mọ́ èkejì pé kò dì í mú dáadáa. Àwọn afunfèrè bẹ̀rẹ̀ orin nínú ohùn tí kò bá ara mu, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Mo lọ bá Fádà kí ìwọ́de tó gbéra, mo sì bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn èèyàn kan náà tí mo ti dójú tì í lójú wọn. Ó gbọ́ mi parí. Ó ní ohun tí mo máa fi ṣe ètùtù ni pé kí n fi ọkọ̀ lẹ́tà dá ère bíṣọ́ọ̀bù padà. "Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí búùtù lójú ọ̀nà," ló wí.

Ní ilé Anselme, a jẹ ẹyin tí wọ́n sè nínú wáìnì pupa, a jẹ ìgbín, a jẹ itan ẹlẹ́dẹ̀. Fulbert jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kò bọ́ kóòtù, bí ẹni tó ń lọ nísinsìnyí. Òun ló kúrò níbẹ̀ gbẹ̀yìn.

Láti ìgbà náà, Fulbert máa ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Òun àti Anselme máa ń jà lórí bóyá kí ẹni mímọ́ kọjú sí fèrèsé tàbí sí ìdáná, wọ́n máa ń jà lórí ojú ọjọ́, wọ́n máa ń jà lórí bí a ṣe ń rẹ́ ẹ̀ka. Léontine ní òun ti ṣe àṣìṣe, pé ọ̀rọ̀ tí òun ń gbọ́ ti di ìlọ́po méjì. Ní oṣù kẹjọ, yìnyín bọ́ lu òkè wa, ó sì lu ọgbà Anselme tó gba ẹni mímọ́ lálejò gan-an ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Fulbert lọ bá a ṣa àjàrà tó kù fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì bú Ọlọ́run láti ìlà kìíní títí dé ìlà ìkẹyìn.

Nígbà tí oṣù Ṣẹẹrẹ tún dé, a gbé ère náà lọ sílé opó tó ń sin ewúrẹ́ lẹ́bàá odò, tí òun náà ní ọgbà àjàrà kékeré kan. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo ń kọjá níwájú ilé Anselme lẹ́yìn Máàsì. Mo rí Fulbert nídìí tábìlì láti ojú fèrèsé, ó ti bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó ń na ìka sí Anselme lójú, Anselme ń mi orí pé rárá, Léontine sì ń gbé abọ́ kẹta kalẹ̀.